Ta Ló Fún Mi Ní Kọ́kọ́rọ́ Yìí?

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kan wà nínú báàgì mi bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Mi ò jí i. Gbangba ni wọ́n ti fi lé mi lọ́wọ́, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ìyá mi jó, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà sì kéde rẹ̀ fún àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n tò ní àárọ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí mi ní Adó ló ń kí mi kú oríire. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọkàn mi ò balẹ̀. Bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín sí mi, màá máa wò ó pé kí ló mọ̀ tí èmi ò mọ̀. Bí bàbá mi bá bá àlejò sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, màá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èmi tí mi ò ṣe irú rẹ̀ rí láyé mi. Ẹ jọ̀ọ́, irú ayọ̀ wo nìyí? Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ kí n rọra sọ ọ́, torí mi ò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilé tí mo ti jáde. Bàbá mi jẹ́ àgbà ìjọ, ó sì jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí wọ́n sì kó Èkìtì wa sínú rẹ̀, ló ti ń lọ sí Àkúrẹ́ bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nílé wa, òfin kan wà tí a ò gbọ́dọ̀ rú: ẹni tó bá gé ẹran nínú wa ni yóò mú tirẹ̀ kẹ́yìn. Láti kékeré ni bàbá mi ti fi kọ́ wa. Ẹ ò rí bí àwa ọmọ ṣe máa ń gé ẹran náà dọ́gbadọ́gba, tí a ó tún gbé e wò sí ìmọ́lẹ̀! Ohun tó sọ mí di ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn. Nígbà tí mo di tíṣà ìṣirò, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n fi máàkì díẹ̀ kún ti ọmọ ọ̀gá àgbà wa. Mo kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní mo le jù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo le.

Bàbá mi ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, nínú ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ àtijọ́. Nígbà tí Ọ̀gá Káyọ̀dé wá dé láti ìlú òyìnbó, tó ní òun fẹ́ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń sá eré pẹ̀lú ọkọ̀ láìfara pa, àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ṣé eré tí àwọn awakọ̀ ń sá lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ kò tíì tó ni? Ọ̀gá Káyọ̀dé ní kì í ṣe irú eré yẹn. Ó ní níbi tí òun ti kọ́ ọ lọ́hùn-ún, pápá ọkọ̀ òfúrufú àtijọ́ ni wọ́n ń lò, kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni fagagbága, ńṣe ni wọ́n ń kọ́ ọ láti mọ ìwọ̀n ọkọ̀ rẹ àti ìwọ̀n ara rẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Ó wá lọ gba àṣẹ láti máa lo apá kan lára ọ̀nà tuntun tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ti da ọ̀dà sí ní ìhà Ìyìn, èyí tí wọn ò tíì ṣí fún ọkọ̀. Ọ́fíìsì bàbá mi ló fún un ní àṣẹ náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa tún un buwọ́ lù látìgbàdégbà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mi ò kà á sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Sátidé ni a máa ń lọ. A óò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà látòkèdélẹ̀, kí a mọ ibi tí iyanrìn wà àti ibi tí ọ̀dà ti wú. Lẹ́yìn náà la óò wọ Píjò Ọ̀gá. Ó kọ́ wa pé kí a tẹ bíréèkì tán kí a tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nígbà tí a bá ti wà nínú rẹ̀. Ó kọ́ wa pé kí a máa yí sítíárìn bí ẹni ń gbé ọmọ tó ń sùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó kọ́ wa pé kí a máa wo ibi tí a fẹ́ lọ, kí a má ṣe wo ohun tí à ń bẹ̀rù. “Ojú yín ló ń darí ọwọ́ yín,” ló máa ń wí. “Ẹ wo gọ́tà, inú gọ́tà lẹ máa bá ara yín.” Yóò wá gbé ọsàn kan sínú àwo, yóò so àwo náà mọ́ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí o bá wakọ̀ ní wàdùwàdù, ọsàn á fò jáde. Bí o bá mọ̀ ọ́n wà, á kàn máa yí nínú àwo rẹ̀ jẹ́jẹ́ láìka bí o ṣe ń sáré tó.

Ráúfù nìkan ni ọsàn rẹ̀ kì í jábọ́. Akọ̀wé ni ní káńsù, èmi àti ẹ̀ jọ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá lọ́dún kan náà ni, ìyá rẹ̀ sì ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Ẹlẹ́fẹ̀ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tó jókòó sẹ́yìn tí mo ń wakọ̀, ó ní, “Tíṣà, ṣé ọkọ̀ lẹ̀ ń wà ni àbí ẹ̀ ń máàkì rẹ̀?” Mo ní, “Ìwọ ni ǹ bá máàkì, òdo ni ǹ bá fún ọ.” Ó ní, “Ẹ ṣáà kọ òdo náà tóbi kí ìyá mi lè rí i.” Báyìí la ṣe máa ń bá ara wa ṣe.

Wàhálà kan ṣoṣo la ní lójú ọ̀nà yẹn, àgbẹ̀ ló fà á. Bàbá kan wà tí a ń pè ní Bàbá Ọlọ́sàn, torí oko ọsàn rẹ̀ ló wà létí kọ́nà tó le jù. Àwọn ọsàn tí Ọ̀gá ń gbé sínú àwo, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń rà wọ́n. Ní Sátidé kan, mo ń bọ̀ lórí eré, mo rí Bàbá tó ń ro oko. Ṣé èmi ọmọ Èkìtì yóò wá ré àgbàlagbà kọjá lẹ́nu iṣẹ́ láìkí i? Mo yíjú sí i, mo tẹrí ba, ẹnu mi ti wà lórí “Ẹ kú uṣẹ́ o,” kí n tó ṣẹ́jú, ọkọ̀ ti dorí kọ Bàbá fúnra rẹ̀! Ọpẹ́lọpẹ́ Ọ̀gá tó di sítíárìn mú. Láti ọjọ́ yẹn, a ò yíjú mọ́. Ni Bàbá bá jáde sójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, ó ní, “Ọmọ ulé ta nìyí? Ẹ ẹ́ kàn máa fẹ́ kọjá lára mi bí atẹ́gùn? Ṣé ulé ùwé ni wọ́n ti ní kí ẹ má kí èèyàn mọ́?” Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ṣàlàyé, Bàbá ò gbà. Ráúfù ló bá wa yanjú rẹ̀. Ó ní kí a máa tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì bí a bá ń bọ̀, kí Bàbá mọ̀ pé a ń kí òun, kí ojú wa sì wà níwájú. Bàbá rò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun bá gbọ́, òun á na ọkọ́ sókè láti dá wa lóhùn. Láti ìgbà náà, fèrè méjì ni “ẹ kú uṣẹ́”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, orí rẹ̀ ni gbogbo ìrora mi dúró lé.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Káyọ̀dé ní àwọn èèyàn ti ń pọ̀ jù fún òun nìkan. Ó fẹ́ mú ẹnì kan nínú wa ṣe olùkọ́ kejì. Ẹni náà ni yóò máa mú Píjò àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sílé, òun ni yóò sì máa kọ́ àwọn tuntun. Mo fẹ́ ipò yẹn dé egungun! Mo ti ń rí i lójú ọkàn mi bí mo ṣe ń kọ́ àwọn obìnrin, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn aránṣọ, àwọn tí ọkọ wọn kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan sítíárìn. Ráúfù náà fẹ́ ẹ. Ó sọ fún mi pé iṣẹ́ káńsù ti sú òun, pé inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni òun ti máa ń mọ̀ pé òun mọ nǹkan kan ṣe dáadáa. Ọ̀gá ní ìdánwò la ó fi mọ ẹni tó yẹ: ẹni tó bá yára jù lọ tí ọsàn rẹ̀ kò jábọ́. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún Ráúfù pé bó bá na mí, èmi ni màá kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un, mo sì mọ̀ pé yóò nà mí.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìyá mi wá, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi wá. Èmi ló kọ́kọ́ wà á. Ọsàn mi ò jábọ́, ṣùgbọ́n ní kọ́nà Bàbá Ọlọ́sàn, àyà mi já, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tó ń mú ọkọ̀ sáré kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Mo mọ̀ ọ́n lára mi. Àwọn yòókù wà á, ọsàn tiwọn fò dànù. Ó wá ku Ráúfù. Ẹ̀yin èèyàn mi, eré tí ọmọkùnrin yẹn ń sá bọ̀, ó dùn ún wò! Píjò náà kò dún, kò mì. A gbọ́ fèrè méjì, ó wọ kọ́nà. Ni ìdí ọkọ̀ bá yọ̀, ó gba àgbá ọ̀dà méjì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọsàn fò lọ sínú koríko. Kò ṣèṣe. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, “Mo wo Bàbá. Mo fẹ́ kí i ni.” Gbogbo wa káàánú rẹ̀. Ọ̀gá Káyọ̀dé kò bá a wí. Ọ̀gá tó máa ń jágbe mọ́ wa bí a bá fi eruku sórí ìjókòó ọkọ̀! Ó kàn mú kọ́kọ́rọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́, ni ariwo bá sọ.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ti dé ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú mi bí ọsàn inú àwo. Ráúfù tó dá fèrè méjì sílẹ̀, òun ni yóò wá yíjú láti kí Bàbá? Ó ṣe jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni? Kí ló dé tí Ọ̀gá ò fi bínú? Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo gbọ́ lẹ́nu bàbá mi, tó ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀, pé wọ́n ti tún àṣẹ ọ̀nà Ìyìn buwọ́ lù. Mo gbé ṣíbí mi sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mi ò ti lè jẹun dáadáa.

Mo lọ bá Bàbá Ọlọ́sàn lóko. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í bóyá ó rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ gba àgbá. Ó ní, “Báwo ni mi ò ṣe ní rántí? Ọmọ yẹn tẹ fèrè fún mi, mo na ọkọ́ sókè. Ìkíni ti parí. Ó wá yíjú, ó ń wò mí. Mo ní kí leléyìí tún ń wò? Ṣé mo jẹ ẹ́ ní kíkí ni?” Bàbá bó ọsàn fún mi, ó ní kí n jẹ ẹ́. Mi ò lè jẹ ẹ́. Fèrè ti dún, ìkíni ti parí, ó tún yíjú. Ẹni tó yíjú lẹ́yìn tó ti kí èèyàn tán, kí ló ń wá?

Ọjà Ọba ni mo ti bá Ráúfù, ó ń bá ìyá rẹ̀ ká aṣọ. Ó rí mi, ó ní, “Tíṣà wa! Ẹ wá ra aṣọ tí olùkọ́ kejì máa ń wọ̀?” Mo ní kó jáde wá. A dúró lẹ́bàá àwọn tó ń ta èlùbọ́. Mo sọ ohun tí Bàbá Ọlọ́sàn wí fún Ráúfù, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

“Bàbá yẹn ò ríran dáadáa.”

“Ó ríran. Ráúfù, ta ló ní kí o ṣubú?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣubú.”

“Kí ni Ọ̀gá sọ fún ọ?”

Ó ní nígbà tí àwọn ń nu ọkọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ọ̀gá kàn sọ pé, “Ráúfù, o ṣáà mọ ẹni tó ni ọ̀nà yìí.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, “O sì gbà?” Inú bí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ìbínú rẹ̀. “Kí ni ǹ bá ṣe? Bí bàbá yín bá gba ọ̀nà yẹn padà, níbo la ó ti máa wakọ̀, gbogbo wa? Ẹ má kó mi sí wàhálà o, Tíṣà. Ẹ̀yin lè pariwo kí ẹ lọ sùn nílé bàbá yín. Èmi ńkọ́? Káńsù ni mò ń padà sí lọ́la, wọ́n á sì bi mí pé kí ni mo sọ nípa ọ̀gá ọ̀nà.” Ó padà sídìí aṣọ ìyá rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹlẹ́lùbọ́ fi bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá bàbá mi ní ìta níbi tó ti ń ka ìwé ìròyìn. Mo bi í bóyá ó bá Ọ̀gá Káyọ̀dé sọ̀rọ̀ nípa mi. Kò bínú. Ó ní ọkùnrin náà wá sí ọ́fíìsì nítorí àṣẹ ọ̀nà, òun sì kàn bi í pé, “Ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ yín?” Ó ní ṣé bàbá ò lè béèrè ọmọ rẹ̀ ni?

“Kí ni wọ́n fi dá yín lóhùn, Bàbá?”

“Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀.”

“Ẹ ti buwọ́ lu ìwé náà kí ẹ tó béèrè, àbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni?”

Ó ká ìwé ìròyìn náà, ó gbé e lé itan. “Kí lò ń fi kàn mí, ọmọ mi?”

Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá gé ẹran ni yóò mú kẹ́yìn.”

Ó ní, “Èmi ò gé ẹran kankan.” Ó ṣí ìwé ìròyìn rẹ̀ padà. Mo wo ojú rẹ̀, ojú tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò sì lè sọ bóyá òótọ́ ló wà níbẹ̀. Ṣé kò mọ̀ lóòótọ́ pé bí ẹni tó ni ìwé àṣẹ lọ́wọ́ bá béèrè ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wá àṣẹ, kì í ṣe ìbéèrè lásán mọ́? Bàbá mi, tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀? Àbí ó mọ̀? Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn. Ìyá mi ní mo ti ń wo bàbá mi bí olè.

Mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ fún Ọ̀gá Káyọ̀dé nílé rẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀. Mo ní kí a tún ìdánwò náà ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó ṣí báàgì mi, ó jù ú sínú rẹ̀ padà. “Míìsì, ọsàn ta ni kò jábọ́? Ṣé tiyín kọ́ ni?” Mo ní ṣebí ó sọ fún Ráúfù pé ó ṣáà mọ ẹni tó ni ọ̀nà. Ó ní, “Ta ló ni ọ̀nà? Ìjọba. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá gbọ́ nǹkan mìíràn, etí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ bi.” Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, bàbá yín á bi mí pé kí ni mo ṣe fún ọmọ òun. Kí ni kí n sọ? Kí n sọ pé Ráúfù ló sọ nǹkan fún yín?”

Ẹ wo bí wọ́n ti há mi mọ́! Bàbá mi kàn béèrè. Ọ̀gá kàn sọ̀rọ̀ ìjọba. Ráúfù kàn yíjú. Kò sí ẹni tó ṣe nǹkan kan, síbẹ̀ ohun ẹlòmíràn wà nínú báàgì mi. Ẹni tó kọ̀ láti fún ọmọ ọ̀gá àgbà ní máàkì tí kì í ṣe tirẹ̀, òun náà ló wá gba máàkì tí kì í ṣe tirẹ̀ yìí. Bí mo bá pariwo, Ráúfù ni yóò jìyà rẹ̀, ọ̀nà lè tì, orúkọ bàbá mi á sì bàjẹ́ nítorí ohun tí mi ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, àwọn obìnrin tí mo ti ń lálàá pé màá kọ́ yóò wọ ọkọ̀, èmi ni n ó sì máa sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ibi tí wọ́n fẹ́ lọ. Níbo ni èmi gan-an ń wò?

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ mi, ẹ má sọ fún mi pé kí n dúpẹ́, mo ti gbọ́ ìyẹn tó. Ẹ má sì sọ pé bẹ́ẹ̀ layé rí. Bí ẹnì kan nínú yín bá ti jókòó rí lórí àga tí wọ́n lé ẹlòmíràn dìde fún, tí kò sì béèrè fún un, kó sọ fún mi bó ṣe dìde láìtẹ ẹni tó wà nílẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lánàá, mo wà nínú Píjò náà ní ìkóríta Adébáyọ̀, mò ń dúró kí ọkọ̀ ẹrù kan kọjá. Ráúfù gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lórí alùpùpù káńsù. Ó tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì fún mi. Ojú rẹ̀ wà níwájú, kò wò mí. Bàbá Ọlọ́sàn á máa na ọkọ́ sókè láti dá a lóhùn. Èmi ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló wà níwájú mi. Kí ni kí n nà sókè?